Ẹ Tú Bíréèkì Tó Pa Àbúrò Mi

Àbúrò mi kú lábẹ́ kíréènì ní èbúté, lọ́sàn-án gangan, wọn ò sì gbé òkú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí wọ́n fi já ẹrù ọkọ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó má dà bíi pé mo ṣì í sọ. Kọ̀ǹténà já wálẹ̀ lu àbúrò mi. Wọ́n fi kíréènì mìíràn gbé e kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n fa tapólì bò ó, wọ́n gbé òkúta lé etí tapólì náà kí atẹ́gùn má baà ṣí i, gbogbo wọn sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi fẹ́ lọ, wọ́n ní kò lè dúró. Àwọn mọ́tò ń yà fún un bí ìgbà tí èèyàn ń yà fún kòtò. Ìgbà tí oòrùn rọ̀ ni wọ́n tó rántí pé èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá èbúté, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ yín lọ lásìkò. Ṣé ó gúnlẹ̀ láyọ̀? Ṣé àwọn tó ń dúró dè é níbi tó ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, torí ìyá wa tètè fi wá sílẹ̀. Mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀rín mi ló máa ń ṣáájú mi wọlé. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ má fi ìyẹn tan ara yín jẹ. Ajá tó fi eyín hàn yín, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni inú rẹ̀ ń dùn.

Dúró-Gbọin ni wọ́n ń pe àbúrò mi. Mẹkáníìkì kíréènì ni. Òun ló ń tún bíréèkì wọn ṣe, òun ló ń pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, àtàwọn òrùka tí kì í jẹ́ kí epo náà jò. Àwọn dẹ́rẹ́bà kíréènì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n ní bíréèkì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ibi tí o bá ti ní kí ẹrù dúró lókè, gbọin ló máa dúró, kò ní mì, kò ní yọ̀.

Bíréèkì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bó bá wọ mọ́tò ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ mọ́tò bíi pé òun ló ń wà á. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń sáré, á tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára, òógùn á sì bò ó. Bàtà ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lu. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, irin lásán lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn o." Á ní kò burú, irin náà ń gbọ́.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi máa ń dún bí ìbọn bí a bá tì í. Ó wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó padà wá pẹ̀lú ọ̀pá kékeré kan tí epo wà nínú rẹ̀, ó dè é mọ́ orí ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, bó ti wù kí o fi ìbínú ti ilẹ̀kùn yẹn tó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa padé. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ó ti kú, mo dìde, mo fẹ́ fi gbogbo agbára gbá nǹkan kan. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo gbá. Ó kọ̀, kò dún. Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Ọ̀gá èbúté wá kí wa. Ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ ń dán, tó ń ta sánsán, tó dé akoto funfun tí eruku ò mọ̀ rí. Ó jókòó sí etí àga bíi pé àga náà lè ràn án. Ó bá wa kẹ́dùn, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó wá ní kí a má bínú o, pé àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó rán an lọ jókòó sábẹ́ ẹrù. Ó ní àṣà àwọn tí ò kàwé ni, òun sì ti ń gbèrò láti fòpin sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì gbà á bí ẹni gba ìbùkún. Nígbà tó ń lọ, ó gbé aago ògiri kan fún ìyàwó àbúrò mi, àwòrán èbúté wà lójú rẹ̀.

Aago. Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ lábẹ́ tapólì títí oòrùn fi rọ̀, aago lẹ fi ń tu ìyàwó rẹ̀ nínú? Ẹ fẹ́ kó máa wò ó, kó máa mọ ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ò ní dé?

Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní èbúté, torí ibẹ̀ ni irọ́ yẹn sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá tún kíréènì kan ṣe tán, wọ́n á gbé ẹrù kan sókè. Mẹkáníìkì tó tún un ṣe á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á lọ jókòó sábẹ́ ẹrù náà, á jẹ búrẹ́dì rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ ẹ́ tán tó dìde, ìgbà yẹn ni dẹ́rẹ́bà tó fi í ṣiṣẹ́. Bí kò bá jókòó, kò sẹ́ni tó máa gùn ún, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà ló dọ̀bálẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Èmi alára bá a jà lórí ẹ̀. Mo ní ṣé kò rí ibòmíràn jẹ búrẹ́dì ni, àfi abẹ́ ikú? Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó wá ní, "Àǹtí mi, bí mi ò bá lè jókòó sábẹ́ ẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́?"

 

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìjókòó yẹn ni agbára kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jókòó, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá kọ̀, kíréènì á dúró, ọ̀gá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òógùn. Òun alára ni bíréèkì tí wọ́n fi ń mú ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ sì kórìíra rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Láàárín àwọn mẹkáníìkì yẹn, bí ẹnì kan bá tún nǹkan ṣe tán, tó dá ìdérí rẹ̀ padà, tó sì sọ fún ẹnì kejì pé, "Mo ti pa á dé," ọ̀rọ̀ ti tán. O ò gbọdọ̀ tú u wò. Bí o bá tú u, o ti pè é ní òpùrọ́, ẹ ò sì ní fi ife kan náà mumi mọ́. Kì í ṣe agídí. Abẹ́ irin ni wọ́n ń wà. Bí ẹni tó wà lókè bá ní òun ti pa á dé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbà á gbọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ráyè ṣiṣẹ́.

Kíréènì kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò lára rẹ̀, ó ń kán sórí páàdì bíréèkì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń gbá irin mú kí ẹrù má baà já wálẹ̀. Àbúrò mi lọ sọ fún ọ̀gá pé wọ́n gbọ́dọ̀ ra òrùka tuntun àti páàdì tuntun. Ọ̀gá ní kó nu epo náà kúrò. Àbúrò mi ní páàdì tó bá ti mu epo ti di ọ̀mùtí. Bí o bá nù ún lẹ́nu, ọtí ṣì wà níkùn rẹ̀, kò sì mọ ibi tó ti yẹ kóun dúró. Àwọn dẹ́rẹ́bà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi wá gbé àpótí rẹ̀, ó lọ fi í kọ́ ara ògiri, ó ní òun ò jókòó. Ìyá Àgbà dúró.

Ibà ló wá mú un láàárín ìgbà yẹn. Ibà lásán, èyí tí í múni tí í sì í fini sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nù ún lára, èmi ń gbé tíì lọ gbé tíì bọ̀, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibà yìí náà ò ní bíréèkì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti tún Ìyá Àgbà ṣe, páàdì tuntun ti dé, wọ́n ti fi í sí i.

Ta ló fi í sí i? Jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ló bá a fẹ́ ìyàwó sílé. Àbúrò mi wo ìdérí bíréèkì lókè, ó rí i tó ń dán nínú ọ̀dà tuntun. Ó bi Jẹ́jẹ́ bóyá tuntun ló fi sí i lóòótọ́. Jẹ́jẹ́ ní tuntun ni.

Ó ní, "Ṣé o ti pa á dé?"

Jẹ́jẹ́ ní, "Mo ti pa á dé, ẹ̀gbọ́n."

Ó tán. Àbúrò mi fọwọ́ kàn án léjìká, ó lọ gbé àpótí rẹ̀ wá. Wọ́n gbé kọ̀ǹténà sókè. Ó jókòó. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ ni.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Lẹ́yìn ìsìnkú, Jẹ́jẹ́ wá bá mi nínú ilé ìdáná. Kò jókòó sórí àga, ilẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé ẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, kò lè wo ojú mi. Ó ní ọ̀gá ló pè é wọlé nígbà tí ibà dá àbúrò mi dùbúlẹ̀. Ọ̀gá ní kó fi pẹtiróòlù fọ páàdì àtijọ́, kó dá a padà, kó fi ọ̀dà tuntun kun ìdérí rẹ̀, kó sì sọ pé tuntun ni, àbí kó má padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Jẹ́jẹ́ ní, "Màmá, mo sọ fún un. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀. Ó ní, 'Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn, kó jókòó.'"

Ẹ tún un kà. Ẹ kà á sókè fún àwọn tí ò gbọ́. Ọ̀gá tó wá sọ nínú ilé wa pé kò sẹ́ni tó rán an lọ jókòó, òun náà ló ní ohun tí òun ń wá ni pé kó jókòó. Ó mọ àṣà yẹn dunjú. Ó mọ̀ pé àbúrò mi ò ní tú iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ wò. Ìwà ọmọlúàbí ọkùnrin yẹn ló gbá mú bí ìwọ̀, ó fi gbé e sábẹ́ irin.

Mo bu omi fún Jẹ́jẹ́. Mo ní, "Mu ún, kí ọ̀fun rẹ má baà há nígbà tí o bá ń sọ ọ́ níta. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o. Ìdáríjì ti tán nílé yìí, mi ò sì mọ ìgbà tí mo tún máa rà."

Ó mu ún. A lọ sí èbúté, èmi, òun, àti ìyàwó àbúrò mi. Mo gbé àpótí ìjókòó tèmi dání, èyí tí mo fi ń bó iṣu, mo sì ra búrẹ́dì lọ́nà. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Jẹ́jẹ́ dúró níwájú wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ti ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń wa Ìyá Àgbà wà láàárín wọn, òun ló wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti ń rò pé ọwọ́ òun ló ṣìnà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ, ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ariwo ni ọ̀gá gbọ́ tó fi jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ rọra. Ọ̀fọ̀ ló da orí ọkùnrin yìí rú, kò mọ ohun tó ń sọ."

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ó ní ara rẹ̀ le. Ó ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, pé ó ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sí wàhálà kankan.

Mo gbé àpótí mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹténà kan sókè. Ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀. Búrẹ́dì rèé, ó ṣì gbóná."

Ó wo àpótí náà bí ẹni rí ejò. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, mo búra fún yín, fóònù tí ò dún ló yọ lápò, ó gbé e sétí, ó ní hẹ́lò, ó sì bá hẹ́lò yẹn rìn wọ ọ́fíìsì, kò jáde mọ́. Èmi fẹ́ràn ẹ̀rín, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ìyàwó àbúrò mi tí ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń wa Ìyá Àgbà dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ géètì. Ó ní, "Màmá, mi ò gùn ún mọ́." Àwọn tó kù ń bọ́ tiwọn tẹ̀ lé e. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ ti bo géètì yẹn bí ẹyẹ.

A wá ń gbọ́ báyìí pé ọ̀gá fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n wá gé Ìyá Àgbà kélekèle kí wọ́n kó o lọ. Kíréènì tí ara rẹ̀ le, tẹ́ ẹ ní kò ní wàhálà kankan, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ gé e lójijì? Ẹ fẹ́ sin òun náà ni? Àbúrò mi tó jẹ́ èèyàn, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e nílẹ̀. Irin lẹ wá ń sáré gbé.

Àwọn ará ilé ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi í lé e lọ́wọ́, èmi náà ń bá a dì í mú ni. Wọ́n ní kí n gbàdúrà fún ọ̀gá. Mò ń gbà á láàárọ̀, mò ń gbà á lálẹ́. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ̀gá ní ẹ̀mí gígùn. Kí ibà má mú un. Kí etí rẹ̀ là ketekete, kí ojú rẹ̀ ríran kedere, kó má gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, kó lè dúró gbọin níwájú adájọ́, kó gbọ́ bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń sọ ọ́, kí ìyàwó àbúrò mi sì jókòó síbi tí wọ́n ti lè máa wo ara wọn lójú. Kí ó rí gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ikú jí i gbé mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá tẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà ló pa ara rẹ̀, ẹ padà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni èbúté, tẹ́ ẹ jókòó síbi tí ooru ò dé, ẹ̀yin náà ẹ wá. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Ìyá Àgbà kí a tó débẹ̀. Lójú àwọn dẹ́rẹ́bà, lójú ìyàwó rẹ̀, ní ọ̀sán gangan tí wọ́n pa á, kí wọ́n ṣí ìdérí tí wọ́n kùn lọ́dà yẹn, kí wọ́n mú páàdì inú rẹ̀ jáde, kí a jọ wò ó bóyá tuntun ni. Bó bá jẹ́ tuntun, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún gbogbo èèyàn ẹni tó pa Dúró-Gbọin, kí ọlọ́pàá sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn.

Ọ̀gá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní a ti pa á dé. Àbúrò mi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ó lọ jókòó. Èmi ò gbà á gbọ́. Ẹ mú sípánà wá.